Kì í ṣe bóòtù ló di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú

Ìró náà kò pọ̀. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá ń fi èékánná lu agolo: tó, tó, tó. Bí mo bá ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tí mo sì yí sítíárìn sí òsì ni mo máa ń gbọ́ ọ. Bí mo bá tẹná sí i, ìró á dákẹ́, sítíárìn á wá máa gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Mo rò pé òkúta ló há sínú táyà. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo yẹ táyà iwájú lápá ọ̀tún wò, kò sí òkúta kankan. Mo mú sípánà, mo fi kan bóòtù àkọ́kọ́, mo sì rọra tì í. Ó yí. Ìyípo náà kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin, àmọ́ ó yí, bóòtù tí èmi fúnra mi dì lánàá ọjọ́ náà. Ìkejì yí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìka lásán ni mo fi tú ìkẹta.

Àbúrò mi obìnrin ló jókòó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú mi. Ó na ọrùn jáde láti ojú fèrèsé, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló ṣe é?" Mi ò lè dá a lóhùn. Kò pẹ́ rárá tí a sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀nà tí a ti ń sá 120 kìlómítà ní wákàtí kan.

Sípéésà ló fa gbogbo rẹ̀. Fún ẹni tí kò tíì rí i rí, awo alumíníọ́mù róbótó ni, tí a máa ń kì bọ àárín ríìmù àti họ́ọ̀bù, ìyẹn irin ara ọkọ̀ tí a ń fi bóòtù di ríìmù mọ́, kí táyà lè yọ síta díẹ̀. Òmíràn kò nípọn ju mìlímítà 3 lọ, òmíràn nípọn tó 25, àwọn kan sì kọjá bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ohun kékeré. Ẹni tó bá fẹ́ràn ọkọ̀ tí a ṣe fún eré ló máa ń wù jù, ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ló sì ń fìyà jẹ ohun tí a kò bá dì dáadáa: ó ń sáré, ó ń wọ kọ́nà tipátipá, bíréèkì rẹ̀ sì ń mú gírígírí.

Ọkọ̀ tèmi ni BMW M3 tí a mọ̀ sí E46, èyí tí wọ́n ṣe láti 2000 sí 2006. Ẹ́ńjìnnì lítà 3.2 tó ní sìlíńdà mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, ó sì lágbára tó họ́ọ̀sì páwà 343. Mo nífẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà dénú. Àmọ́ ẹ wò ó láti iwájú: fẹ́ńdà rẹ̀ yọ bí èjìká oníjàkadì, táyà iwájú sì sá sínú bí ẹni tí ojú ń tì. Ìdí rẹ̀ wà nínú nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn ríìmù. Nínú ríìmù íǹṣì 18 tó bá a wá, tẹ̀yìn fẹ̀ ní íǹṣì 9, ET rẹ̀ sì jẹ́ 26. Tiwájú fẹ̀ ní íǹṣì 8, ET rẹ̀ jẹ́ 47. ET yìí ni iye mìlímítà tó wà láàárín ojú tí ríìmù fi kan họ́ọ̀bù àti àárín gbùngbùn fífẹ̀ ríìmù náà. Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe pọ̀ tó ni táyà ṣe máa wọnú tó. Bí a bá ki sípéésà mìlímítà 15 sí i, 47 á di 32, táyà á sì yọ síta dé ibi tí ojú ń fẹ́.

Mi ò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 15. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà nípọn ní mìlímítà 5. Ihò tó wà lára rẹ̀ gùn gbọọrọ kí ó lè bá oríṣiríṣi ọkọ̀ mu, ihò àárín rẹ̀ sì fẹ̀ ju họ́ọ̀bù mi lọ dáadáa. Mo kì í bọ̀ ọ́, mo fi bóòtù tó bá ọkọ̀ wá dì í, mo fẹsẹ̀ tẹ sípánà kí ó lè le, mo sì wọlé lọ sùn.

Lẹ́yìn tí ohun tí mo sọ lókè yìí ṣẹlẹ̀, mo rọra wa ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan tó ti ń tún ọkọ̀ ṣe kí wọ́n tó bí mi. Wọn ò pariwo mọ́ mi. Wọ́n tú táyà sílẹ̀, wọ́n gbé sípéésà náà síwájú mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, kí ló di táyà mú?"

Mo ní, "Bóòtù ni, bàbá."

Wọ́n ní, "Rárá. Ìfúnpọ̀ ni. Bóòtù kàn ń fa ojú méjì mọ́ra ni. Ojú méjì yẹn ló ń gbé ìwọ àti àbúrò rẹ."

Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí ọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ mí lára. Mo ti máa ń ro bóòtù bí ìṣó tí a fi kọ́ nǹkan sára ògiri: ohun tí a kọ́ wà lórí ìṣó, ìṣó ló ń gbé e. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ rí. Bí a bá di bóòtù M12, èyí tó nípọn ní mìlímítà 12, ní 120 Nm (Nm ni ìwọ̀n agbára tí a fi ń yí bóòtù), tí tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ìyẹn ìlà tó wé mọ́ ara rẹ̀, mọ́ tó sì gbẹ, yóò máa fà pẹ̀lú nǹkan bíi kìlónúútìnì 50. Bóòtù márùn-ún á fà pẹ̀lú 250. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí ẹrù tọ́ọ̀nù 25 bá jókòó lé ríìmù, tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ họ́ọ̀bù. Odidi ọkọ̀ náà kò tó tọ́ọ̀nù 2. Bí ojú méjèèjì ṣe lẹ̀ mọ́ra lábẹ́ ẹrù yẹn ni kì í jẹ́ kí ríìmù yọ̀ nígbà tí a bá tẹ bíréèkì tàbí tí a bá wọ kọ́nà. Kò yẹ kí bóòtù tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni tẹ bíréèkì. Ọjọ́ tí ojú méjèèjì bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lórí ara wọn, kódà kó jẹ́ díẹ̀ tí ojú kò lè rí, ọjọ́ yẹn ni ìyà bóòtù bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìyípo táyà ni yóò máa tì í síwá sẹ́yìn, títí tí yóò fi tú, tàbí tí yóò fi kán.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò. Bóòtù tí a dì dáadáa máa ń nà, bíi rọ́bà. Bí ó ṣe ń fẹ́ súnkì padà ni ìfúnpọ̀ ti ń wá. Àmọ́ irin ni, kò lè nà púpọ̀. Fún irú bóòtù tí mo ń sọ yìí, gbogbo nínà rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 0.1 mìlímítà lọ. Ọ̀dà tí wọ́n kùn sára ríìmù lè nípọn tó bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀dà, ìpẹtà tàbí iyanrìn bá wà láàárín ojú méjì, a lè di bóòtù dé 120 Nm gan-an, kí sípánà sì jẹ́rìí sí i. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá sá díẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbóná tó tún tutù, ìdọ̀tí yẹn á fọ́, á lọ̀ kúnná, á fi àyè 0.1 sílẹ̀. Nínà bóòtù ti lọ nìyẹn, ìfúnpọ̀ náà ti lọ, láìjẹ́ pé bóòtù yí rárá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nìyẹn. Nígbà tí bàbá yí sípéésà mi dà, eérú pupa ni mo rí lára rẹ̀: ìpẹtà ara họ́ọ̀bù tí irin ti lọ̀ bí èlùbọ́.

Bí a bá sì ka àwọn ojú náà, láìsí sípéésà, ibi méjì péré ni ojú ti kan ojú: họ́ọ̀bù pẹ̀lú díìsìkì bíréèkì, àti díìsìkì pẹ̀lú ríìmù. Sípéésà sọ ọ́ di mẹ́ta. Ibi tí nǹkan ti lè bàjẹ́ ti fi ọ̀kan kún, iye bóòtù kò sì yí padà.

Nítorí náà, lójú tèmi, iṣẹ́ sípéésà kì í ṣe iṣẹ́ bóòtù. Iṣẹ́ ìfọ̀mọ́ ni. Mo máa ń lò tó wákàtí kan lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, ó sì ṣeé ṣe kí gbogbo àkókò yẹn lọ sórí búrọ́ọ̀ṣì onírin àti sáńpépà. Mo máa ń yọ díìsìkì kúrò pátápátá, nítorí ìpẹtà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn èèyàn sábà máa ń gbàgbé. Ìpẹtà máa ń kóra jọ yí ètè họ́ọ̀bù ká, ìyẹn etí róbótó tó yọ síta ní àárín rẹ̀, ní kọ̀rọ̀ gan-an níbi tí ètè ti yọ láti ara ojú pẹlẹbẹ. Ibẹ̀ ló máa ń le bí òkúta, ibẹ̀ náà ni sípéésà sì máa ń gùn lé tí kò fi ní jókòó. Sáńpépà kò dé ibẹ̀. Ohun tí mo máa ń lò ni orí sikirudiráfà pẹlẹbẹ tí mo fi sáńpépà wé, tí mo ń fi rin kọ̀rọ̀ náà yípo. Ẹ má ṣe jẹ́ kí iṣẹ́ yìí sú yín. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń wo síkúrù kékeré tó di díìsìkì mọ́ họ́ọ̀bù: bí orí rẹ̀ bá yọ ju ojú díìsìkì lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ díẹ̀, sípéésà yóò gùn ún. Mo máa ń yí ríìmù náà dà. Ẹni tó bá tún ríìmù kùn kì í sábà fi ojú ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀dà tó nípọn ló máa ń wà níbẹ̀, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, bébà tí wọ́n kọ nọ́ńbà ríìmù sí ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kúrò.

Nígbà tí mo bá rò pé mo ti ṣe tán, màá gbé rúlà irin lé ojú kọ̀ọ̀kan, màá tan iná sẹ́yìn rẹ̀, màá wò bóyá ìmọ́lẹ̀ ń yọ lábẹ́. Màá wá gbé sípéésà lé ibẹ̀ láìdì í, màá fi àtàǹpàkò tẹ etí rẹ̀ kan. Bí etí kejì bá gbéra, bí ó tilẹ̀ kéré bí irun, kò tíì mọ́. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tanni jẹ: èmi a tún máa fi ọwọ́ pa á yíká, nítorí ọwọ́ máa ń rí ohun tí ojú fò.

Ọ̀rọ̀ gíríìsì máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀, mo sì mọ ibi tí mo dúró. Díẹ̀ bí ẹni fi ìka tọ́ ọ wò lè wà lára ètè họ́ọ̀bù, kí ríìmù má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Kò gbọ́dọ̀ dé ojú pẹlẹbẹ rárá, nítorí ojú yẹn kò gbọ́dọ̀ yọ̀. Kò sì gbọ́dọ̀ dé tírẹ́ẹ̀dì, àyàfi tí ìwé ọkọ̀ yín bá sọ bẹ́ẹ̀. Iye Nm tí wọ́n kọ sínú ìwé jẹ́ fún tírẹ́ẹ̀dì gbígbẹ. Bí gíríìsì bá wọ̀ ọ́, 120 Nm kan náà lè fa bóòtù ju bó ṣe yẹ lọ pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bóòtù tí a sì ti nà kọjá agbára rẹ̀ kò ní súnkì padà mọ́.

Ihò àárín ni ẹ̀ṣẹ̀ mi kejì. Ètè họ́ọ̀bù E46 fẹ̀ ní mìlímítà 72.6. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé ríìmù sí àárín gan-an kí a tó di bóòtù. Sípéésà mi àkọ́kọ́ kò mọ họ́ọ̀bù kankan ní tirẹ̀. Ó kàn fì síbẹ̀ ni, bóòtù ló sì ń fa á sọ́tùn-ún sósì. Ìdí nìyẹn tí sítíárìn fi ń gbọ̀n. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní iye tirẹ̀: ọ̀pọ̀ Volkswagen jẹ́ 57.1, Porsche 911 jẹ́ 71.6, ọ̀pọ̀ Subaru jẹ́ 56.1. Sípéésà tí ihò rẹ̀ kò bá iye ọkọ̀ yín mu rẹ́gí kò yẹ kó wọ ilé yín.

Ẹ̀tàn kan wà níbẹ̀ tí kì í hàn lórí bébà. Sípéésà tín-ínrín kò ní ètè tirẹ̀. Ó kàn ń gbé ètè họ́ọ̀bù mì ni. Bí ètè náà bá yọ ní mìlímítà 10 tí a sì ki sípéésà 8 sí i, 2 ló kù tí ríìmù máa jókòó lé, ó sì lè jẹ́ pé etí ihò ríìmù fúnra rẹ̀ ti dagun ní iye yẹn, tí kò fi ní kan nǹkan kan. Mìlímítà 3 ṣì lè fi ètè tó pọ̀ sílẹ̀. Láti bíi 12 sókè, ẹni tó ṣe sípéésà ti ráyè gbẹ́ ètè tuntun sí ojú rẹ̀. Àárín ìyẹn ni ewu wà, mi ò sì fẹ́ràn rẹ̀. Mo fò ó, mo lọ sí 15 fún iwájú àti 12 fún ẹ̀yìn, àwọn méjèèjì ní ètè tiwọn, ihò wọn sì jẹ́ 72.6.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí bóòtù, nítorí pé kì í ṣe òun ló ń gbé ọkọ̀ kò sọ pé kò ṣe pàtàkì. Bóòtù E46 jẹ́ M12 × 1.5: ó nípọn ní mìlímítà 12, ìyípo kan sì ń gbé e wọlé ní 1.5. Ìlànà tí mo ń tẹ̀ lé ni pé gígùn tírẹ́ẹ̀dì tó wọnú họ́ọ̀bù kò gbọ́dọ̀ kéré sí ìnípọn bóòtù. Bí a bá fi 1.5 pín 12, ìyípo 8 nìyẹn, kò sì gbọ́dọ̀ dín. Nígbà tí mo ka tèmi láìsí sípéésà, bóòtù yí ní ìgbà 9 àbọ̀ kí ó tó le. Sípéésà 5 yẹn ti jẹ mẹ́ta àti díẹ̀ nínú rẹ̀. Ìyípo 6 ni mo gùn lọ sórí ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ ìyá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Bóòtù tuntun gbọ́dọ̀ gùn ju ti àtijọ́ lọ pẹ̀lú iye tí sípéésà nípọn. Tèmi gùn ní mìlímítà 26. 15 lé e jẹ́ 41. Èyí tí mo rí rà jẹ́ 40. Mìlímítà 1 tó dín náà mú nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìyípo kan lọ, ó ku 8 àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀, mo sì gbà á. Mi ò ní gbà á bí ó bá jẹ́ 38. Títí di òní, bí mo bá ń fi ọwọ́ yí bóòtù wọlé, sókè ni mo máa ń ka á. Ẹni tí bóòtù rẹ̀ jẹ́ M14 × 1.5 ní láti ka 9 àti díẹ̀. M12 × 1.25, 9 àbọ̀ ó lé.

Bóòtù tó gùn jù náà léwu. Nínú díìsìkì ẹ̀yìn ọkọ̀ mi, háńdì bíréèkì wà níbẹ̀ pẹ̀lú bàtà rẹ̀ àti sípíríǹgì rẹ̀. Bóòtù tó bá yọ jáde lẹ́yìn họ́ọ̀bù lè gbá wọn. Kí ẹ tó gbé ọkọ̀ kúrò lórí jáàkì, ẹ tú háńdì bíréèkì sílẹ̀, ẹ fi ọwọ́ yí táyà náà yípo ní ìgbà mélòó kan, kí ẹ sì tẹ́tí. Bí ohunkóhun bá ń kan ohunkóhun, ẹ dúró. Bákan náà ni ọjọ́ tí ẹ bá yọ sípéésà kúrò, tàbí tí ẹ bá fi táyà sípíà sí i lójú ọ̀nà: bóòtù gígùn kò gbọ́dọ̀ wọlé láìsí sípéésà. Bóòtù àtijọ́ mi wà nínú àpò kan tí mo so mọ́ jáàkì gan-an nínú búùtù, kí ọwọ́ mi má baà lè mú ọ̀kan láìmú èkejì.

Ẹ wo ìdí orí bóòtù pẹ̀lú, ibi tó fi ń jókòó sínú ríìmù. Ti BMW dà bí orí òkòtó. Ti Volkswagen àti Porsche rí roboto bí bọ́ọ̀lù. Bí ẹ bá fi ọ̀kan sí ihò èkejì, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọn yóò fi kan ara wọn, yóò sì dà bíi pé ó le, kò le.

Irú sípéésà kejì wà, èyí tí a ń fi bóòtù tàbí nọ́ọ̀tì tirẹ̀ dì mọ́ họ́ọ̀bù, kí a tó wá di ríìmù mọ́ òun náà. Wọ́n sábà máa ń nípọn tó 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ọkọ̀ tó ní sítọ́ọ̀dù, ìyẹn irin onítírẹ́ẹ̀dì tó yọ jáde lára họ́ọ̀bù tí a ń fi nọ́ọ̀tì dì, irú sípéésà yìí ni kì í jẹ́ kí a yọ sítọ́ọ̀dù láti ki èyí tó gùn bọ̀ ọ́. Kò burú bí a bá ṣe é dáadáa, àmọ́ ohun méjì ni mo máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí. Orí sítọ́ọ̀dù ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ yọ ju ojú sípéésà lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orí sítọ́ọ̀dù ni ríìmù máa jókòó lé. Èkejì ni pé ríìmù bo àwọn nọ́ọ̀tì inú yẹn mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ wọ́n wò gbọ́dọ̀ tú táyà. Ọ̀pọ̀ kì í tú u.

Dídì náà ní àṣà tirẹ̀. Mo máa ń fi ọwọ́ yí gbogbo bóòtù wọlé títí yóò fi kan, nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣì wà lókè. Màá fi sípánà oníwọ̀n, èyí tó máa ń ró "kì" tí agbára bá pé iye tí a yàn, dì í dé 40, lẹ́yìn náà 80, mo ń fò láti ọ̀kan sí èyí tó dojú kọ ọ́, bí ẹni ń ya ìràwọ̀. Ọkọ̀ á wá sọ̀ kalẹ̀, màá sì parí rẹ̀ sí 120. Iye tí ìwé ọkọ̀ yín bá sọ ni kí ẹ lò. Sípéésà kì í yí iye náà padà. Ìbọn afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń tú nọ́ọ̀tì kì í sún mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ mi mọ́ nígbà dídì. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Kí n tó dì í pátápátá, mo ti fi jáàkì gbé apá ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ kan sókè títí tí sípíríǹgì fi súnkì dé òpin, mo yí sítíárìn sí ọ̀tún àti òsì dé ibi tí kò lọ mọ́, mo sì fi ìka wọn àyè tó kù láàárín táyà àti fẹ́ńdà. Táyà tó bá ń ha fẹ́ńdà nínú kọ́nà lè ya. Iwájú ọkọ̀ mi gba 15 dáadáa.

Ǹjẹ́ ó yí ọkọ̀ padà? Ó yí i. Iwájú fẹ̀ sí i ní mìlímítà 30, ìyẹn ni pé ìwúwo tó ń ṣí kúrò lórí táyà inú lọ sórí táyà òde nínú kọ́nà dínkù díẹ̀, iwájú sì ń di ilẹ̀ mú kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo nífẹ̀ẹ́ èyí. Àmọ́ gbogbo ihò ojú ọ̀nà ló ń sọ̀rọ̀ sí mi lọ́wọ́ báyìí, nítorí táyà ti jìnnà sí ibi tí ẹsẹ̀ ń yí lé lórí, sítíárìn sì ń tẹ̀ lé ipa táyà àwọn ọkọ̀ ńlá. Bẹ́árìn họ́ọ̀bù náà ń gbé ẹrù tó ti sún síta. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá ju 25 lọ, ìmọ̀ràn mi ni kó ra ríìmù tí ET rẹ̀ bá ohun tó ń fẹ́ mu. Ẹni tó sì fẹ́ to sípéésà lé sípéésà, mo bẹ̀ ẹ́, kó má ṣe é. Ní Jámánì, níbi tí àwọn èèyàn ti ń sá eré tí kò lópin lórí àwọn ọ̀nà kan, sípéésà gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí, ọ̀pọ̀ ìgbà ni olùyẹ̀wò sì gbọ́dọ̀ fi ojú ara rẹ̀ rí i lára ọkọ̀ kó tó tọ́ lójú òfin. Mo rò pé wọ́n mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é.

Ọjọ́ tí mo parí sípéésà tuntun, àbúrò mi tún wọ ọkọ̀. Mi ò bẹ̀ ẹ́. A wa ọkọ̀ náà tó 80 kìlómítà, láìsá eré, a sì dúró kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ lè tutù, nítorí pé láàárín 50 sí 100 kìlómítà ni ó yẹ ká tún gbogbo bóòtù yẹ̀ wò. Mo gbé sípánà jáde, mo yàn án sí 120. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dúró tì mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n ṣe é." Mo gbé e fún un, mo ní kó fà á jẹ́ẹ́, kó má ṣe gbá a. Ó fi kan bóòtù àkọ́kọ́ lápá ọ̀tún níwájú, èyí tó yí lọ́jọ́ náà. Ó fà á. Bóòtù kò mira. Sípánà ró: kì.

Ó wo ojú mi, ó sì sún sípánà lọ sórí ìkejì.